Sìgá, Fépù àti Ihò Eyín: Ìtọ́nà fún Ẹni tí Wọ́n Fẹ́ Yọ Eyín Rẹ̀

Orí yìí wà fún àgbàlagbà tí ó ń mu sìgá, fépù, ṣíṣà tàbí igbó, tí wọ́n fẹ́ yọ eyín rẹ̀ tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ ọ́, pàápàá jù lọ ẹni tí ó ń gbé ní Òwu tàbí ní ìhà mìíràn ní Abẹ́òkúta, tí ó sì fẹ́ mọ ìgbà tí òun lè padà sídìí ohun tí òun ń mu láìkó ara òun sínú ìrora. Fépù ni sìgá oníbátìrì, èyí tí kì í jó ewé tábà, ṣùgbọ́n tí ó ń fi iná bátìrì sọ omi kan di oru tí ẹni tí ó ń mu ún yóò fà sínú. Omi náà sábà máa ń ní nikotíìnì, ìyẹn èròjà inú tábà tí ó ń sọ sìgá mímu di bárakú. Ó yẹ kí ó yé òǹkàwé láti ìbẹ̀rẹ̀ pé kò sí ọ̀nà kankan tí ènìyàn lè gbà fa èéfín tàbí oru sí ẹnu tí ọgbẹ́ wà nínú rẹ̀ tí ewu kò ní sí níbẹ̀. Ohun tí ó ṣeé ṣe ni pé kí ẹni náà dúró pẹ́ tó kí ewu náà lè dín kù, kí ó ti múra sílẹ̀ fún àkókò ìdúró yẹn kí wọ́n tó yọ eyín, kí ó sì mọ àmì tí ó gbọ́dọ̀ gbé e padà sọ́dọ̀ dókítà eyín kíákíá.

Ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ dúró

Nígbà tí wọ́n bá yọ eyín, ẹ̀jẹ̀ yóò kún inú ihò tí eyín náà fi sílẹ̀, yóò sì dì síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ dídì yìí ni ó bo egungun àti iṣan ìmọ̀lára tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ihò, inú rẹ̀ sì ni ẹran tuntun yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Bí ó bá ṣí kúrò tàbí tí ó yọ́ dànù kí ẹran tó hù, egungun yóò wà ní ìhòòhò, afẹ́fẹ́, itọ́ àti oúnjẹ yóò sì máa kàn án, ìrora rẹ̀ a sì máa le débi pé oorun kò ní ṣeé sùn. Èyí ni àwọn dókítà eyín ń pè ní dry socket, tí orí yìí yóò máa pè ní ihò gbígbẹ.

Fífà fúnra rẹ̀ ni ọ̀tá àkọ́kọ́, nítorí pé agbára tí ẹnu fi ń fa èéfín wọlé náà lè fa ẹ̀jẹ̀ dídì jáde kúrò níbi tí ó jókòó sí. Nikotíìnì ni ó tẹ̀ lé e: ó ń mú kí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ fún pọ̀, tí ẹ̀jẹ̀ tí ó yẹ kí ó wá tún ojú ọgbẹ́ ṣe kì í fi í dé ibẹ̀ tó. Lẹ́yìn èyí ni ooru àti oró inú èéfín, pàápàá kábọ̀n mónọ́ksáídì, afẹ́fẹ́ olóró tí ohun tí ó ń jó máa ń tú jáde, tí ó sì ń gba ipò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Fépù kì í jó ewé, nítorí náà kábọ̀n mónọ́ksáídì rẹ̀ kò tó ti sìgá, ṣùgbọ́n fífà wà nínú rẹ̀, oru gbígbóná wà nínú rẹ̀, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó sì ní nikotíìnì. Ẹni tí ó bá fi sìgá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n yọ eyín rẹ̀ tí ó sì gbé fépù dání kò tíì bọ́ nínú ewu. Ṣíṣà tún burú jù wọ́n lọ lórí ọ̀rọ̀ fífà, nítorí pé ènìyàn gbọ́dọ̀ fà á gùn kí ó sì fà á tagbáratagbára kí èéfín tó la omi kọjá.

Fún eyín tí ó yọ wẹ́rẹ́, ihò gbígbẹ kì í sábà ju bí ènìyàn 5 nínú 100 lọ, ṣùgbọ́n ó pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ fún àwọn eyín ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ tí a fi ń lọ oúnjẹ, ó sì pọ̀ jù lọ fún eyín ọgbọ́n, ìyẹn eyín ìkẹyìn tí ó máa ń hù nígbà tí ènìyàn bá ti dàgbà. Ẹni tí ó ń mu sìgá wà nínú ewu yìí tó bí ìlọ́po mẹ́ta ẹni tí kì í mu ún. Obìnrin tí ó ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí oníhóró náà ní ewu tirẹ̀ lọ́tọ̀, nítorí náà bí ó bá tún ń mu sìgá, ó yẹ kí dókítà gbọ́ nípa méjèèjì.

Ohun tí ó yẹ kí ó wà nílé ṣáájú

Gbogbo ohun èlò wọ̀nyí ni ó yẹ kí a kó jọ kí a tó lọ sọ́dọ̀ dókítà, nítorí pé ẹni tí ẹnu rẹ̀ kú, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń kán lẹ́nu rẹ̀, kò ní lókun láti máa wá wọn kiri ọjà Kútọ̀ tàbí Lafẹ́nwá.

Àkọ́kọ́ ni gọ́ọ̀sì mímọ́, aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ń di ọgbẹ́, èyí tí wọ́n ń tà ní ilé-ìtajà oògùn. Dókítà yóò fún aláìsàn ní díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dára kí púpọ̀ sí i wà nílé. Kì í ṣe òwú tí ó ń tú ni a óò lò, nítorí pé fọ́nrán rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́. Èkejì ni iyọ̀, ife àti omi tí a ti sè. Ẹ̀kẹta ni oògùn ìrora tí dókítà bá fọwọ́ sí. Parasitamọ́ọ̀lù oní 500mg ni ó sábà máa ń jẹ́, hóró méjì ní wákàtí mẹ́fà-mẹ́fà fún àgbàlagbà, tí kò sì gbọdọ̀ ju hóró mẹ́jọ lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen náà dára fún ìrora eyín, àmọ́ ẹni tí ó bá ní ọgbẹ́ inú, àìsàn kíndìnrín tàbí ikọ́ fée (asthma) kò gbọdọ̀ lò ó láìbéèrè. Aspirin kò yẹ fún ìrora yìí rárá, nítorí pé ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ pẹ́ kí ó tó dá. Ẹni tí dókítà ti ń fún ní aspirin nítorí ọkàn kò sì gbọdọ̀ dá a dúró fúnra rẹ̀.

Oúnjẹ rírọ̀ ni ó tẹ̀ lé e: ògì àti ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín tí kò ní eegun ẹja, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gún, àti àmàlà láfún tí ó ti lọ́ wọ́ọ́wọ́ pẹ̀lú ewédù tí ata rẹ̀ kò pọ̀. Ìrẹsì Ọ̀fadà àti gàrí, bí wọ́n ti gbajúmọ̀ tó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá, gbọdọ̀ dúró fún ìgbà díẹ̀, nítorí pé hóró wọn máa ń há sínú ihò náà, kì í sì í jáde bọ̀rọ̀.

Ohun tí ó kẹ́yìn nínú ìpalẹ̀mọ́ ni àlẹ̀mọ́ nikotíìnì, nǹkan pẹlẹbẹ tí a ń lẹ̀ mọ́ apá tàbí àyà, tí nikotíìnì inú rẹ̀ ń gba awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ilé-ìtajà oògùn ni ó ní in, nítorí náà ó yẹ kí a béèrè rẹ̀ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Nikotíìnì inú rẹ̀ ṣì lè fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀, kì í ṣe ohun tí kò ní àbùkù, ṣùgbọ́n kò ní fífà, kò ní ooru, kò sì ní èéfín, ìyẹn ni ó fi sàn ju sìgá lọ lọ́nà jíjìn. Ẹni tí ó ń mu ju igi 10 lọ lójúmọ́ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú èyí tí ó jẹ́ 21mg, ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 14mg. Aboyún àti ẹni tí ó ní àrùn ọkàn gbọ́dọ̀ gba ìmọ̀ràn dókítà kí wọ́n tó lò ó. Ṣingọ́ọ̀mù oní-nikotíìnì kò yẹ ní ọ̀sẹ̀ yìí, nítorí pé jíjẹ rẹ̀ lẹ́nu yóò máa da ojú ọgbẹ́ láàmú.

Ìgbésẹ̀ kìíní: kí wọ́n tó yọ eyín

Ọjọ́ tí a ó yọ eyín ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ. Ihò gbígbẹ máa ń fara hàn láàárín ọjọ́ kan sí mẹ́rin lẹ́yìn yíyọ eyín, nítorí náà ọjọ́ Ajé tàbí ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni ó dára jù bí eyín náà kò bá jẹ́ ti pàjáwìrì, kí àwọn ọjọ́ eléwu náà lè bọ́ sí ìgbà tí dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí ó bá yọ eyín ní Ọjọ́bọ̀ tí ó sì ní òde ìnáwó ní Sátidé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ lọ sáàárín ọtí, ẹran yíyan àti àwọn ọ̀rẹ́ tí yóò máa na sìgá sí i, ní ọjọ́ tí ọgbẹ́ rẹ̀ kò tíì lè gbà á.

Kí aláìsàn sọ òtítọ́ fún dókítà nípa iye igi tí ó ń mu, nípa fépù àti nípa igbó. Ọ̀rọ̀ igbó ni àwọn ènìyàn máa ń fi pamọ́ jù, bẹ́ẹ̀ ó wúlò fún dókítà láti mọ̀ ọ́n, nítorí pé igbó ń mú kí ọkàn máa lù kíkankíkan, abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń pa ẹnu kú sì sábà máa ń ní èròjà adrenaline tí òun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ó ṣíwọ́ mímu sìgá ní ó kéré tán ọjọ́ kan sí méjì ṣáájú, kí kábọ̀n mónọ́ksáídì lè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Kí ó sì kó sìgá, máṣíìnì fépù àti ìkòkò ṣíṣà kúrò nílé, tàbí kí ó fi wọ́n pamọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní tètè dá a lóhùn bí ó bá wá bẹ̀bẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: wákàtí 24 àkọ́kọ́

Gọ́ọ̀sì tí dókítà fi sí ojú ihò ni a óò fi eyín tẹ̀ mọ́lẹ̀ ṣinṣin fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta, láìsọ̀rọ̀ àti láìmáa yọ ọ́ wò. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ṣì ń jáde lẹ́yìn náà, a óò ká òmíràn, a óò fi omi mímọ́ rin ín díẹ̀, a óò sì tún tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ fún iye àkókò kan náà. Itọ́ tí ó pọ́n díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ya, kò sì yẹ kí ó já ẹnikẹ́ni láyà.

Ní ọjọ́ yìí, a kì í yọ ẹnu, a kì í tu itọ́ tìpátìpá, a kì í sì í fa ohunkóhun. Níbi tí àṣìṣe ti wọ́pọ̀ jù lọ nílẹ̀ wa nìyí: ẹni tí ó ti pinnu pé òun kò ní fọwọ́ kan sìgá yóò gé etí omi inú ọ̀rá tí a ń pè ní píọ̀ wọ́tà, yóò sì fi ẹnu fa á mu, láìmọ̀ pé fífà náà ni òun ń sá fún. Inú ife ni kí a da omi náà sí, kí a sì gbé ife sẹ́nu. Bákan náà ni ohun mímu tí wọ́n fi sítúrọ́ọ̀ sí, àti áísìkìríìmù tí a ń fà nínú ọ̀rá.

Ẹnu tí abẹ́rẹ́ ti pa kì í mọ ooru, ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan, nítorí náà sìgá tí a bá mu ní àkókò yìí lè jó ètè láìjẹ́ pé ẹni náà mọ̀. Kí a gbé orí lé ìrọ̀rí gíga bí a bá fẹ́ sùn, kí a má gbé ẹrù wúwo, kí a má sì gun orí àpáta Olúmọ tàbí òkè mìíràn lọ́jọ́ náà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: láti wákàtí 24 dé wákàtí 72

Láti ọjọ́ kejì, a lè bu ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí a gbà á sẹ́nu, kí a rọra yí orí sọ́tùn-ún sósì, kí a sì la ẹnu kí ó ṣàn jáde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ni a óò ṣe èyí. A óò fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí pákò fọ ìyókù eyín, ṣùgbọ́n a kò ní gbé pákò dé ẹ̀bá ihò náà títí ọ̀sẹ̀ kan yóò fi pé, nítorí pé fọ́nrán igi lè wọ inú rẹ̀.

Àkókò yìí ni ó ṣòro jù fún amusìgá, ìdí rẹ̀ sì ṣeé ṣàlàyé. Òùngbẹ nikotíìnì, pẹ̀lú ìbínú òjijì, àìlèsùn àti orí fífọ́ tí ó máa ń bá a rìn, sábà máa ń le jù lọ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta tí ènìyàn ti ṣíwọ́, ọjọ́ wọ̀nyí gan-an ni ẹ̀jẹ̀ dídì náà sì ń wá ibi tí yóò dì mú. Ẹni tí kò bá mọ èyí tẹ́lẹ̀ yóò rò pé ìrora eyín ni ó ń da òun láàmú, yóò sì na ọwọ́ sí sìgá gẹ́gẹ́ bí oògùn. Òùngbẹ náà kì í pẹ́ ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ nígbàkígbà tí ó bá dé; omi tútù nínú ife, ìrìn díẹ̀ lójúde, tàbí iṣẹ́ ọwọ́ kan tó láti gbà á kọjá. Kí ẹni náà má jókòó sẹ́bàá búkà tàbí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń ta sìgá ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Òfin ìkáwọ́ tábà Nàìjíríà ti ọdún 2015 ti fòfin de títa sìgá ní ẹyọ, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ìsọ̀ ṣì ń tà á bẹ́ẹ̀, ìrọ̀rùn yìí ni ó sì ń dẹ ẹni tí ó fẹ́ dúró sínú pàkúté.

Bí a bá ń ka àkókò, wákàtí ni kí a kà, kí a má ka ọjọ́. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ iye, tí ó fi jẹ́ pé eyín tí wọ́n yọ lọ́jọ́ Ajé ti pé ọjọ́ mẹ́ta ní Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ wákàtí 48 péré ni ó kọjá nígbà náà. Wákàtí 72 kò pé títí di Ọjọ́bọ̀, ní déédéé àkókò tí eyín náà jáde. Kí a kọ wákàtí náà sórí bébà, kí a sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: lẹ́yìn wákàtí 72

Wákàtí 72 ni ìdúró tí ó kéré jù fún eyín kan tí ó yọ wẹ́rẹ́. Ọ̀sẹ̀ kan ni ó dára. Fún eyín ọgbọ́n, fún eyín tí wọ́n fi abẹ yọ tàbí tí wọ́n rán ojú rẹ̀, fún ẹni tí wọ́n yọ ju ẹyọ kan lọ, àti fún alárùn àtọ̀gbẹ, ọ̀sẹ̀ kan ni ó kéré jù, ọ̀sẹ̀ méjì ni ó sì bójú mu. Ẹran máa ń gba bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó bo ojú ihò, egungun inú rẹ̀ sì ń gba oṣù púpọ̀ kí ó tó kún. Bí ìrora bá ṣì wà, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń yọ, àkókò kò tíì tó, iye wákàtí yòówù tí ó ti kọjá.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún ẹni tí kò ní lè dúró títí. Kí ó kọ́kọ́ lo àlẹ̀mọ́ nikotíìnì. Bí ó bá tún di dandan pé kí ó mu sìgá tàbí fépù lẹ́yìn wákàtí 72, kí ó fi gọ́ọ̀sì tí a fi omi rin bo ojú ihò náà, kí ó rọra fà á díẹ̀ láìfi agbára sí i, kí ó má ju ẹyọ kan lọ, kí ó yọ gọ́ọ̀sì náà pẹ̀lẹ́, kí ó sì gba omi iyọ̀ sẹ́nu kí ó ṣàn jáde. Gọ́ọ̀sì kì í dí ihò náà pátápátá, kò sì lè dá nikotíìnì dúró. Ohun tí ó ń ṣe kò ju kí ó dín fífà àti ooru kù díẹ̀. Fépù tí kò ní nikotíìnì ṣì ní fífà àti ooru. Ṣíṣà àti igbó kò sí nínú àyè yìí rárá.

Àwọn àṣìṣe mìíràn

Aáṣáà, tábà lílọ̀ tí àwọn àgbà kan máa ń fi sẹ́nu tàbí sídìí eyín, kò ní èéfín, nítorí náà ọ̀pọ̀ gbà pé kò sí nínú ohun tí dókítà kà léèwọ̀. Ewu rẹ̀ pọ̀ fún ọgbẹ́ yìí: nikotíìnì rẹ̀ kan ojú ẹran ní tààràtà, ìyẹ̀fun rẹ̀ a sì kó sínú ihò. Ògógóró àti paraga tí wọ́n ń fi yọ ẹnu láti "pa kòkòrò" máa ń jó ẹran tuntun, ọtí kò sì gbọdọ̀ pàdé oògùn ìrora nínú ikùn. Omi bátìrì, tí àwọn kan ṣì ń kán sí ibi tí eyín ti ń dun ni, jẹ́ ásíìdì tí ó ń jẹ ẹran àti egungun. Kò sí ìgbà kan tí ó yẹ kí ó dé ẹnu ènìyàn. Obì àti orógbó jíjẹ yóò dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán.

Àmì tí ó gbọ́dọ̀ gbé ni padà

Ìrora tí ó tọ́ máa ń dín kù lójoojúmọ́. Ìrora tí ó ti ń rọlẹ̀ tí ó sì tún dìde ní ọjọ́ kejì sí ìkẹrin, tí ó ń ta dé etí tàbí ẹ̀bátí, tí oògùn ìrora kò ràn, pẹ̀lú òórùn tàbí adùn burúkú lẹ́nu, ni ihò gbígbẹ. Bí a bá fi dígí wo ihò náà, ó lè ṣófo, kí egungun funfun sì máa hàn nínú rẹ̀. Kí a má fi ọwọ́ tàbí igi tọ́ ọ. Ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní Federal Medical Centre tí ó wà ní Ìdí-Àbà ni ó yẹ kí a lọ, tàbí ilé-ìwòsàn eyín tí wọ́n ti yọ eyín náà. Dókítà yóò fọ ihò náà, yóò sì fi oògùn tí ó sábà máa ń ní òróró kànáfùrù dí i, ìrora a sì máa rọlẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀. Àpapọ̀ oògùn tí kẹ́míìsì máa ń dà sínú bébà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, nítorí pé ihò gbígbẹ kì í ṣe àìsàn tí oògùn apakòkòrò nìkan ń wò.

Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá lẹ́yìn tí a ti tẹ gọ́ọ̀sì mọ́ ọn fún wákàtí kan, bí ibà bá dé, bí ọyún bá ń jáde, bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí abẹ́ àgbọ̀n bá ń wú sí i lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ẹnu kò là dáadáa, kí aláìsàn lọ sí ilé-ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Bí ó bá ṣòro láti gbé itọ́ mì tàbí láti mí, pàjáwìrì ni, òru kì í ṣe ìdí láti dúró: ilé-ìwòsàn Ìpínlẹ̀ ní Ìjàyè tàbí Sacred Heart ní Lántòrò, tí ó ti ń tọ́jú aláìsàn láti 1895, ni kí a lọ, kí a má dúró de kí ilẹ̀ mọ́.

Ẹni tí ó bá ti lo ọ̀sẹ̀ kan láìfi ẹnu kan sìgá nítorí eyín ti la ọjọ́ tí ó le jù kọjá, ó sì lè pinnu pé òun kò ní padà mọ́. Bí bárakú náà bá lágbára jù fún un, pàápàá bí igbó tàbí oògùn olóró bá wà nínú rẹ̀, ẹ̀ka kan wà ní ilé-ìwòsàn àrùn ọpọlọ ní Àrò, tí ó ti wà láti 1954, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú àwọn tí ohun bárakú ti dè mọ́lẹ̀. Orúkọ Àrò kò yẹ kí ó ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù, nítorí pé kì í ṣe alárùn ọpọlọ nìkan ni ó ń gba ẹnu-ọ̀nà ibẹ̀ wọlé. Kí ẹni náà mú bébà tí ó ti kọ iye igi tí ó ń mu lójúmọ́ àti ọjọ́ tí ó ṣíwọ́ sí dání, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n máa bi í nìyẹn.